Kọ̀ǹpútà Oríta àti Abẹ̀bẹ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn, àgbàdo ló ń sá. Ó da irúgbìn náà sínú àtẹ, ó gbé e sórí pèpéle níwájú ilé, ó sì ń fi ọwọ́ yí i bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Èmi jókòó sórí àga mi, mò ń ka ìwé ìròyìn. Ó mú hóró kan, ó fi eyín ẹ̀gbẹ́ gé e, ó tẹ́tí sí i.

"Ó ku ọjọ́ méjì oòrùn," ló wí. "Bàbá Tólú, ẹ jẹ ọ̀kan wò."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jẹ," ni mo fi dá a lóhùn. N kò gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn gbogbo ẹ̀rọ, ẹ ò mọ ohùn àgbàdo." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ mu omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a fà á láti ọdún díẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé mọ́. Èmi ni mo gbé àtẹ náà wọlé. Mo tì í sábẹ́ tábìlì ilé ìdáná.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí nǹkan kà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé láìkọ ọ̀rọ̀ kan. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì yẹ kí n rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí mo bá fẹ́ gbà wọlé, àtẹ àgbàdo yẹn ni mo ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó ẹni tí kò tíì gbé ìyàwó. Ibùdó irúgbìn kan ni wọ́n gbé mi lọ, ní ìgbèríko Akínyẹlé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjàyè. Ilé méjì ló wà níbẹ̀: ọ́fíìsì lápá kan, ilé irúgbìn lápá kejì, oko àgbàdo sì wà láàárín wọn. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àgbègbè náà a máa wá gba irúgbìn tó dára lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀gá Adéògún ló wà nídìí gbogbo ohun tó bá ní wáyà níbẹ̀: òṣùwọ̀n, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù rédíò rí ní Ọlọ́runṣògo. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo fi ìwé ẹ̀rí mi hàn án. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ká a, ó dá a padà fún mi.

"Ìwé yìí dára," ó wí. "Ṣé ó kọ́ ọ bí a ṣe ń dákẹ́?"

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan sukurudiráfà. Ó ní ìwé ńlá kan tó máa ń gbé sórí tábìlì. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ iṣẹ́, o kò gbọdọ̀ tú u kí o tó kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé náà: Kí ló ń ṣe lánàá? Ta ló jókòó tì í gbẹ̀yìn? Kí ló yí padà láyìíká rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni wàá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, wàá sì gbé etí lé e. Ìgbà tí o bá ṣe gbogbo èyí tán ni o tó lè béèrè irin iṣẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé ìwé yóò bá Bàbá Sálámì gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá Sálámì ni àgbàlagbà tó ń tọ́jú àyíká. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Mo bá a gbálẹ̀ títí ó fi sọ mí ní "ẹnìkejì mi".

Ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí fíríìjì irúgbìn kò tutù mọ́. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ kí Ọ̀gá tó wọlé. Kò pariwo. Ó ní kí n dá gbogbo sukúrù padà sáyè wọn, ó dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán. Ó wá béèrè pé, "Kí ló yí padà láyìíká rẹ̀?" Mo wo fíríìjì, mo wo ògiri. Wọ́n ti tì í mọ́ ògiri lánàá nígbà tí wọ́n ń kun ilé. A fà á síwájú díẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti tutù.

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ̀rọ kì í déédéé ṣàìsàn, Démọ́lá. Afẹ́fẹ́ ni kò rí."

Ìbá dára ká ní mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Àwọn àkọ́kọ́ ní ojú dúdú, lẹ́tà wọn sì ní àwọ̀ ewé. Ọ̀gá Adéògún ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n kọ́ òun. Bí ó ṣe ń kọ́ ọ náà ló ń bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a ti ní kọ̀ǹpútà méje nínú ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìgboro yóò gbé dísìkì rin oko kọjá, yóò sì tò sẹ́yìn ẹlòmíràn.

Ohun tó lè bá wa tún èyí ṣe ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní ráútà. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó dúró ní oríta: yóò máa sọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá dé pé ìwọ gba ibí, ìwọ gba ọ̀hún. Agbára ibùdó wa kò ká a. Ṣùgbọ́n mo ti kà á pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán lè ṣe iṣẹ́ yìí kan náà.

"Ọ̀gá," mo wí, "kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹrù lè ṣe é."

"Èyí tí a fi ń ti ilẹ̀kùn?"

"Òun náà ni, sà."

Ó wò mí títí. "Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè irú ikú tó pa baba ẹni. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ó dáa, ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ni n óò kọ sábẹ́ ìwé. Bó bá kú, èmi ló kú."

Mo ki káàdì méjì bọ̀ ọ́ nínú, okùn ọ́fíìsì sí ọ̀kan, okùn ilé irúgbìn sí ìkejì, mo sì so ó mọ́ tẹlifóònù. Dísìkì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ohun tó nílò láti jí. Nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́, mo yọ ojú rẹ̀ kúrò, mo yọ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò nílò wọn mọ́. Ó wá ku àpótí lásán tó ń kùn ní igun ilé irúgbìn, ibi tí okùn tẹlifóònù gbà wọlé. A kì í pa á lọ́sàn-án, a kì í pa á lóru. Tí kò bá sí iná, ó ní bátìrì. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: Ẹ MÁ PA Á. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Kọ̀ǹpútà Oríta.

"Ayé mà yí o," ni Bàbá Sálámì wí. "Èyí tí kò lójú ló wá ń júwe ọ̀nà fún àwọn olójú."

Ẹni tó ni yàrá yẹn gan-an ni akọ̀wé irúgbìn wa, ọmọ Ìjàyè kan tó ń jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́. Gbogbo irúgbìn tí a bá fẹ́ dán wò, òun ló ń kó wọn sínú àpò ìwé kékeré, tó ń kọ orúkọ wọn, tó sì ń rí i pé wọ́n gbẹ. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a jà. Mo ní kó má jẹun níbẹ̀. Mo ní kó má gbálẹ̀ kí erukuru má baà sọ.

"Bọ̀ọ̀dá Démọ́lá, ṣé kí n máa gba ìwé àṣẹ kí n tó mí?"

"Bí èémí rẹ bá ní epo nínú, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá wo ìyàwó yín níbí o, ó ti ń kùn láti àárọ̀. Bóyá ẹ ò kí i dáadáa."

Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní àkókò òjò ọdún kan, lẹ́tà dé láti orílé-iṣẹ́ wa ní ìgboro. Olùdarí ibùdó wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mádàámù, pè wá jọ, ó kà á. Ibùdó méjì ló wà ní ìgbèríko, ọ̀kan ni wọn yóò dá sí, wọn yóò ti èkejì pa. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ibùdó tí èsì oko rẹ̀ kò bá tipasẹ̀ kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wọn kí agogo náà tó lù, kí ó máa di ẹrù rẹ̀. Wọn kò ní gba dísìkì lọ́wọ́ awakọ̀ kankan. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ti ṣetán fún ayé tó ń bọ̀.

Mo rí Bàbá Sálámì tó ń wo oko láti ojú fèrèsé. Gbogbo wa ni ìwé wa lè gbé lọ síbòmíràn, àyàfi òun. Ọ̀gá Adéògún kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gba lẹ́tà náà. Ní Ọjọ́rú, Kọ̀ǹpútà Oríta dákẹ́ lójijì. Mo jí i, ó jí. Mo rò pé iná ló fà á. Ní Ọjọ́bọ̀ ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni mo bá Bàbá Sálámì nínú yàrá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbé e sọ́kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Ní agogo mẹ́sàn-án mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú yàrá náà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó kú. Mo jí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kú. Mo jí i. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Ìwé Ọ̀gá wà lórí tábìlì nílé kejì, n kò lọ wò ó. Mo yọ àwọn okùn, mo tún wọn so. Mo pààrọ̀ dísìkì. Mo gun àga, mo tọ wáyà lọ sínú àjà, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú yèépẹ̀ lórí. Nígbà tí Ọ̀gá fi wọlé, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ti kọjá.

"Ìwé dà?" ó béèrè.

"Ọ̀gá, kò sí àkókò."

Mádàámù tẹ̀lé e wọlé. "Démọ́lá, kí ló dé? Ẹnìkan ń pa á ni?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Mo ní, "Bàbá Sálámì ló wà níbí lánàá, ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì tó kú."

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dé pẹ̀lú òjò lára. Mádàámù kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà á. Ó ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pa ẹ̀rọ yìí, òní lẹ óò kúrò níbí."

"Wàláhì, mi ò fọwọ́ kàn án," ni Bàbá wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnìkejì mi yìí ló kà á fún mi."

Ó nawọ́ sí mi. N kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ fi Bàbá sílẹ̀."

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni. Ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti pe Bàbá. Ó gbé agbọ̀n kan dání, àwọn àpò ìwé irúgbìn kún inú rẹ̀.

"Bí nǹkan bá ṣe ẹ̀rọ yẹn, èmi ni kí ẹ bi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí a ò rí oòrùn. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irúgbìn ti bàjẹ́. Irúgbìn ti ń hu funfun lọ́wọ́ mi. Àpótí yìí nìkan ló máa ń gbóná nínú ilé yìí tí a kì í sì í pa. Orí àjà ìdáná ni ìyá mi ń kó irúgbìn sí, níbi tí ooru iná ti ń kàn án. Gbogbo ilé ní Ìjàyè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ooru kan náà ni. Bí Bọ̀ọ̀dá Démọ́lá bá ti lọ sí ọ́fíìsì, mo máa ń tò wọ́n lé e lórí, mo máa ń tò wọ́n sẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá gbóhùn wọn lójú ọ̀nà, màá kó o kúrò."

Ọ̀gá Adéògún béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Kí ló dé tí o fi ń kó o kúrò?"

"Nítorí ẹnu wọn, sà."

Òjò ń ró lórí páànù. Ọ̀gá wo àpótí, ó wo agbọ̀n.

"O ti sọ kọ̀ǹpútà di àdògán," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Démọ́lá, gbé etí lé e."

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé etí lé ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò. Kíkùn tí mo ti mọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì yára gbé e kúrò, ó gbóná bí ìkòkò. Mo tú u. Nínú fáànù kékeré tó ń fẹ́ ooru jáde, hóró àgbàdo kan tó bọ́ nínú àpò ìwé há sáàárín apá rẹ̀ àti irin. Mo yọ ọ́. Mo fi ìka ti fáànù náà. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó ti jóná. Agogo mọ́kànlá ti lù kọjá. Kí a tú fáànù òmíràn, kí a sì fi irin gbígbóná jó o mọ́ ọn, ó ju wákàtí kan lọ; kí a sì kó ohun tó so ó mọ́ tẹlifóònù sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ní yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hóró náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mọ́rẹ́nikẹ́ nawọ́ mú un. Ó fi sẹ́nu, ó fi eyín ẹ̀gbẹ́ gé e. Ó dún kó.

"Ó ti gbẹ táútáú," ló wí.

Bàbá Sálámì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní n kò mọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ṣe lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó yí padà, ó jáde sínú òjò, ó sì padà wọlé pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án. Kò fún mi. Mọ́rẹ́nikẹ́ ló fún.

"Ooru ló pa á, àbí? Fẹ́ ẹ."

Mo wo Ọ̀gá. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

A ṣí gbogbo ara ẹ̀rọ náà sílẹ̀, a jẹ́ kó tutù díẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Ní agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú mo jí i. Tẹlifóònù ké bó ṣe máa ń ké, ó mú. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bí ìgbín tó ń gun òkè. Ọ̀gá kúnlẹ̀ lápá kejì, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára irin.

"Má dúró," ó ń wí. "Má dúró. Ó ń gbóná lápá ibí. Bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀."

Ìlà já.

Mo tún pè. Ẹnìkan wà lórí ìlà. Mo tún pè. Ẹnìkan wà níbẹ̀. Mádàámù ti jókòó sílẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ní ìgbà kẹrin, ó mú. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlélógún. Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé abẹ̀bẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi orí yẹra kí ó má baà kán sínú ẹ̀rọ.

"Ó kù mélòó?" ó bi mí láìwò mí.

"Ìdajì."

Ó tún gbé e padà sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Ó kù mélòó?"

"Díẹ̀. Jọ̀ọ́, má dúró."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ "jọ̀ọ́" fún un.

Nígbà tó lọ tán, mo já ìlà kí wọ́n lè ráyè pè wá padà. A dúró. Agogo ara ògiri ọ́fíìsì lù ní ọ̀nà jíjìn, a gbọ́ ọ nínú òjò: méjìlá. Tẹlifóònù kò dún. Bàbá Sálámì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dún, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Mádàámù ló gbé e níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣé, sà." Ó gbé e kalẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí agogo lù tó fi dé. Ti ibùdó kejì kò dé rárá. Wọ́n ní kí a má di ẹrù."

Wọ́n hó yèè. Mo yíjú padà, mo rí i pé Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣì ń fẹ́ ẹ̀rọ náà. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó dúró.

"Ó ti tó," mo wí.

Ó gbé abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀, kò sì lè na ìka rẹ̀ tán.

Lọ́sàn-án yẹn mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Sálámì nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde, ẹnìkejì mi. O kò kọ ìwé lónìí. Ìgbálẹ̀ ń dúró dè ọ́." Mo gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọ̀gá Adéògún fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé ọjọ́ náà. Lábẹ́ ìbéèrè kẹta ó kọ pé: *Irúgbìn.* Ó wá sọ fún mi nígbà tó ku àwa méjì pé, "O kọ ọ́ sára ẹ̀rọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ènìyàn kò ní ṣàì fọwọ́ kan nǹkan. Ohun tó yẹ kí o wá ni bí wọn yóò ṣe lè sọ fún ọ. Bí wọ́n bá ń sá fún ẹnu rẹ, báwo ni wàá ṣe mọ ohun tó yí padà?"

Mo pa ìkìlọ̀ náà rẹ́ lára àpótí. Èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ kan pákó pẹẹrẹ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìwọ̀n apá kan sí i, níbi tí fáànù tuntun ń fẹ́ ooru sí. Ibẹ̀ ló ń to irúgbìn sí títí a fi tún ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irúgbìn ṣe. Kò dí ihò kankan mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a ṣe ìgbéyàwó. Bàbá Sálámì gbé abẹ̀bẹ̀ náà wá fún wa, ó fi ewé wé e.

Ìyókù iṣẹ́ mi, ẹ lè fojú inú wò ó. Ráútà gidi dé, ó tóbi bí ìṣù búrẹ́dì. Ọdún díẹ̀ sí i, ó ti kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Mo kúrò ní ibùdó náà, mo sì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kéékèèké káàkiri, títí dé Akanran. Àwọn irin iṣẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn nìkan ló bá mi dé òpin. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, kí ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìbínú, ìyàwó mi a gba àpò lọ́wọ́ mi, a ní, "Kí ló yí padà láyìíká yín, Bàbá Tólú?" Mo máa ń jókòó sọ ọ́ fún un.

Ọdọọdún ló ń gbin àgbàdo sẹ́yìn ilé, látinú irúgbìn tó mú wá láti ibùdó. Òun ló ń yan án, òun ló ń sá a, òun ló ń fi eyín dán an wò, òun ló ń dà á sínú ìgò de òjò ọdún tó ń bọ̀. N kò fọwọ́ kàn án rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tólú ọmọ wa wá bá mi tún ilé ìdáná ṣe. Ó fa àtẹ jáde lábẹ́ tábìlì.

"Dádì, ṣé kí n da èyí nù? Kòkòrò máa tó wọ̀ ọ́."

"Fi sílẹ̀."

"Ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ń fi í ṣe, Dádì."

"Mo mọ ohun tó kù tí a kò tíì ṣe sí i," mo wí.

Nígbà tó lọ tán, mo gbé àtẹ náà sórí pèpéle. Mo fa àga mi kúrò níbi tí mo ti máa ń kàwé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn mú. Mo ń fi ọwọ́ yí i bí mo ṣe rí i tí ó ń yí i. Nígbà tí ìkúukùu ṣú ní ọ̀sán, mo gbé e wọlé. Nígbà tó ká, mo gbé e jáde. Ọjọ́ kan nìyẹn. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo mú hóró kan, mo fi eyín ẹ̀gbẹ́ gé e, mo sì tẹ́tí sí i.

Ó dún kó.

Mo dìde, mo lọ wá ìgò.